A Dúpẹ́ Kì í Ṣe Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àìsàn tó ti gbogbo ayé mọ́lé ti kásẹ̀ nílẹ̀, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í jápa bí ẹni tí iná ń lé. Ààwẹ̀ ọdún náà bọ́ sí àsìkò òjò àkọ́rọ̀. Mo rántí òjò yẹn dáadáa, torí pé inú rẹ̀ la dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn kan ní Erékùṣù Èkó tí mi ò ní dárúkọ. Aṣọ funfun lẹ̀ mọ́ wa lára, a ò sì kúrò.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn ọ̀hún, èmi sì ni akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa. Láfíàjì ni wọ́n bí mi sí, ẹnu mi sì mú. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ kó ẹgbẹ́ wá. Ẹni tí ibà nìkan ń ṣe, ìwé lè kọ́ ọ bí wàá ṣe tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kídìnrín rẹ̀ ń ṣe ségesège, tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀ tí kò jinná, oògùn tó ran ọ̀kan lọ́wọ́ lè ba ìkejì jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lèèyàn ti ń kọ́ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ dúró lẹ́yìn rẹ, kó máa da ìbéèrè bò ọ́ títí orí rẹ á fi gbóná.

Àwọn olùkọ́ yẹn ló ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Ó wá ku èmi àti àwọn díẹ̀, à ń sá láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ ń ti akẹ́kọ̀ọ́ sí àyè wọn. Ẹgbẹ́ wa ní kí wọ́n má fi akẹ́kọ̀ọ́ kankan sílẹ̀ láìsí olùkọ́ lọ́dọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà, ọkùnrin kan tó ń tọ́jú táì rẹ̀ ju aláìsàn lọ, pè mí sí ọ́fíìsì.

Ó ní, "Ìyáàfin, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́; inú iṣẹ́ náà ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é, wọn á mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Sà, ṣé ẹ máa gbà kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò wíwà gbé yín gorí afárá, kí ẹni tó ń kọ́ ọ wà nílé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló fi dá mi lóhùn, mo sì fi ìbínú jáde.

Aláìsàn kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin nígbà yẹn, Àlájà Sìkírá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà títí irun orí rẹ̀ fi funfun, agboolé ńlá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló sì ti wá. Gbogbo àìsàn tí mo kà sílẹ̀ lókè yẹn ló wà lára rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé kó má gbààwẹ̀. Àlájà ní, "Mo ti gbọ́, dókítà." Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé "mo ti gbọ́" lẹ́nu àgbà Èkó kì í ṣe "mo gbà".

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí ni Bùkọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó bíi tirẹ̀. Ọmọ náà mọ̀wé, ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó wà pẹ̀lú rẹ̀ wà lópin wọ́ọ̀dù, ó ń bá aláìsàn kan tí kò lè mí dáadáa jìjàkadì. Abọ́ ògì Àlájà ti ṣófo lórí tábìlì. Bùkọ́lá gbé abẹ́rẹ́ ìnsúlínì, èyí tó ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bèèrè ohun tí a kọ́ ọ pé kó bèèrè.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ mi."

Ó sì fún un lábẹ́rẹ́.

Ẹ má yára dá a lẹ́bi. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi àti ẹ̀yin, tí wọ́n bá bi àgbà bóyá ó ti jẹun, ikùn rẹ̀ ì báà kún, ì báà ṣófo, a dúpẹ́ ni yóò sọ. Ẹni tó bá sọ pé òun ò tíì jẹun fún ọmọ ọlọ́mọ, ó dà bíi pé ó ń ṣagbe. Ọmọ tó bá sì tún ìbéèrè náà bi àgbà, ó ti pè é ní òpùrọ́ nìyẹn. Bùkọ́lá gbọ́ a dúpẹ́, ó rí abọ́ tó ṣófo, ó sì ṣe bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Kò mọ̀ pé Àlájà ti gbé ògì náà fún obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, àti pé ó ti ń gbààwẹ̀ lábẹ́ aṣọ láti ọjọ́ tó ti dé.

Kò pẹ́ tí ṣúgà ara Àlájà fi wálẹ̀ jù, tí òógùn sì bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́, lẹ́yìn náà ló dákẹ́ pátápátá. Wọ́n wá pè mí ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin nísàlẹ̀, mo fi bàtà mi sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. A wá iṣan, a fi omi ṣúgà sí i. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Nígbà tí Àlájà lajú, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ta ló da omi sí mi lára?"

Mo ní, "Òógùn yín ni, Àlájà. Ẹ kú àbọ̀."

Bùkọ́lá fara ti ògiri.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀gá àgbà ti kéde pé wọ́n máa lé ọmọ náà kúrò nílé ẹ̀kọ́, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn. Bàbá Bùkọ́lá ti kú, gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ ní ló wà nínú ẹ̀kọ́ yẹn. Bí wọ́n bá lé e, kò sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó máa gbà á mọ́. Sàríyù, àkọ́bí Àlájà, sì kó àwọn ará agboolé wọn dé, ó ní kí wọ́n mú ọmọ tó fẹ́ pa ìyá òun jáde. Mo dúró sójú ọ̀nà.

Mo ní, "Ẹ bínú, ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó fi ọmọ náà sílẹ̀ lóun nìkan."

Sàríyù wò mí tìbínú-tìbínú, ó sì kọjá lọ bá ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ṣèpàdé, àwọn kan ní kí gbogbo nọ́ọ̀sì daṣẹ́ sílẹ̀. Mo kọ̀. Mo bi wọ́n pé, bí gbogbo wa bá jáde, ta ni yóò wẹ egbò ẹsẹ̀ Àlájà Sìkírá? A ò lè torí pé à ń jà fún ẹnì kan ká wá pa á. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé kí àwọn nọ́ọ̀sì máa bá iṣẹ́ lọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má wọ wọ́ọ̀dù láìsí olùkọ́, kí ẹni tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ nínú wa wá dúró tì wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

Òjò ò dá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ gbé páálí lọ́wọ́, ọ̀dà ń ṣàn lára òmíràn. Bùkọ́lá dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, ó fẹ́ fi páálí tirẹ̀ bojú. Mo yí i padà, mo sì ka ohun tó kọ sí i: A DÚPẸ́ KÌ Í ṢE OÚNJẸ. Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Mo fà á lọ́wọ́ wá síwájú, àwọn tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà kọrin.

Ọ̀gá àgbà jáde lábẹ́ agboòrùn. "Ta ló fún yín láṣẹ ìyanṣẹ́lódì?"

"Sà, ẹ̀yin lẹ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́, iṣẹ́ wo ló fẹ́ yàn lódì?"

Àwọn ọmọ hó yèè.

Ó ní, "Ta wá ni yóò máa wo àwọn aláìsàn?"

"Háà! Ìbéèrè tí à ń bi yín láti ọjọ́ yìí nìyẹn, sà."

Ó wọlé. Àwa náà ò lọ. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, àlàfo tí àwọn ọmọ ń dí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, títí mátírọ̀n fúnra rẹ̀ fi ń gbé póò ìtọ̀ kiri. Nígbà tí ojú ti àwọn aláṣẹ tán, wọ́n pe ìjókòó lórí ọ̀rọ̀ Bùkọ́lá. Sàríyù ti ìyá rẹ̀ wọlé lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Mo rò pé wọ́n wá gbé Bùkọ́lá sin ni.

Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀. "Àlájà, ṣé ọmọ yìí bi yín bóyá ẹ ti jẹun?"

"Ó bi mí."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní a dúpẹ́."

"Ìyẹn ni pé ẹ ti jẹun."

Àlájà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ta ló tọ́ ẹ dàgbà?"

Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí mátírọ̀n tó fọwọ́ bo ẹnu.

Àlájà ní, "Mo gbààwẹ̀. Ọlọ́run ni mo gbà á fún, mi ò gbà á fún dókítà. Mi ò purọ́ fún ọmọ yìí, mo dúpẹ́ ni. Kékeré ló ṣe, kò lè sọ fún mi pé kí n ya ẹnu. Àgbà tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó lè sọ ọ́ fún mi, ibo ló wà? Ẹni yẹn ni kí ẹ lọ lé, bí ẹ bá rí i."

Wọn ò lé Bùkọ́lá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kó tún ọdún náà kà látìbẹ̀rẹ̀, ó sì dùn mí títí dòní. Wọ́n gba olùkọ́ sí gbogbo wọ́ọ̀dù. Èmi sì lọ bẹ Àlájà pé kó bá mi kọ́ àwọn ọmọ. Inú rẹ̀ dùn ju ti ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè lọ. Á fi bisikíìtì sábẹ́ ìró, á da oògùn sínú ife, á wá ní kí wọ́n mú òun bí wọ́n bá gbọ́n. Ó máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ má bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Ẹ ní kí ni mo jẹ, ta ló bù ú wá, kí ló ṣẹ́ kù. Bí mo bá ń gbààwẹ̀, ẹ jẹ́ kí n lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé ẹ máa bú mi."

Lẹ́yìn ìjà náà, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìlera kékeré kan níbi tí mi ò ti ní ọmọ kankan láti kọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Kídìnrín ló padà mú Àlájà lọ, nílé rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Bùkọ́lá parí ẹ̀kọ́, òun náà ti wà lókè òkun. Àwọn olùkọ́ tí a fi òjò gbà yẹn tún lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì fi ẹnì kankan rọ́pò wọn.

Èmi náà ti di onítọ̀ ṣúgà, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn. Nígbà òjò tó kọjá, wọ́n dá mi dúró nílé ìwòsàn yẹn gan-an. Láàárọ̀, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé abẹ́rẹ́ wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

Ẹ wo ẹnu èmi olùkọ́! "A dúpẹ́, ọmọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, a dúpẹ́ kì í ṣe oúnjẹ."

Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́, Mà. Ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́nìọ̀ wa la ti gbọ́ ọ."

Kò mọ òjò, kò mọ páálí, kò mọ Àlájà. Mo jẹ́wọ́ fún un pé búrẹ́dì díẹ̀ ni mo fi kan ẹnu, pé ìyókù ò lọ. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ń wò ó.

Mo ní, "O ṣe dáadáa. Lọ pe olùkọ́ rẹ kó wá wò ó."

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tún wò mí. "Kò sí olùkọ́, Mà. Èmi nìkan ni."

Mo fọwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì, mo dìde jókòó. Mo ní, "Ó dáa, sún mọ́ mi. Kí ló yẹ kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò?"