Àdúrà Ìdí Bàálù

Bí mo bá rí ẹni tó di ojú kan tó na àtàǹpàkò sókè, Uncle, àbúrò màmá mi, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Bí wọ́n ṣe ń wọn àyè ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sára lọ́rì ní Mile 12 nìyẹn, kí sítíkà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá mi nídìí kọ̀ǹpútà n'Íkòsí, mò ń fi géèmù wa bàálù funfun báláú.

“Ta ló tú èyí síhòòhò?”

Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń fi máòsì kùn ún. Wọ́n kùn ún ní pupa àti yẹ́lò, wọ́n kọ “KÁ LỌ RE, KÁ BỌ̀ RE” sídìí rẹ̀.

“Uncle, kì í ṣe lọ́rì o!”

“Lọ́rì tí kì í kúrò nílẹ̀ ń gba àdúrà, mélòómélòó èyí tó ń fò!”

Mo gbé bàálù náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní kafé kí àwọn mìíràn tó ń ta géèmù náà lè wà á. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnìkan kọ̀wé láti Brazil pé òun ti fi bàálù náà balẹ̀ láyọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Bi í bóyá ó ní òmíràn tó ṣì funfun,” ni Uncle wí.

Wọn ò wọ bàálù rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú, wọ́n di ojú kan, wọ́n na àtàǹpàkò sí ìrù èyí tí mo fẹ́ wọ̀.

“Wò ó, àyè àdúrà ṣì pọ̀ níbẹ̀.”