Ìyá Onígò Wá Ẹni Tó Ń Ba Odò Jẹ́

Ọdún mẹ́tàdínlógún lobìnrin kan fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní sáyẹ́ǹsì kó tó padà sí yunifásítì láti gba oyè kejì nínú ìmọ̀ àyíká. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ níbẹ̀, tí àkọ́bí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, ló sọ ọ́ ní Ìyá Onígò, torí ìgò kì í yé ro woroworo nínú báàgì rẹ̀. Odò kékeré tó gba ẹ̀yìn yunifásítì náà ṣàn wọ ìlú ló ń yẹ̀ wò. Kó tó bu omi àkọ́kọ́ rárá ló ti mọ ẹni tó ń bà á jẹ́: àwọn mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ odò ni.

Ó lọ bá wọn, ó ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì nu ọwọ́ sí àkísà.

“Àǹtí, mo gbọ́. Àmọ́ ẹ wo omi yẹn dáadáa. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ti ń hó bí ọṣẹ. Ẹ máa lọ sókè díẹ̀.”

Ó dùn ún pé mẹkáníìkì ló ń kọ́ òun níṣẹ́ ìwádìí, ṣùgbọ́n ó lọ. Ó ń bu omi, ó ń kọ nọ́ńbà sára ìgò, ó ń gòkè. Ibi kẹrin ló burú jù, páìpù kan ló sì ń dà síbẹ̀. Ó tọ páìpù náà láàárín koríko, ó gba abẹ́ fẹ́ǹsì, àfi bó ṣe bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ka ìmọ̀ àyíká, lábẹ́ fèrèsé lábù tó ti ń yẹ omi wò. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Bàbá tó ń tọ́jú lábù ò tiẹ̀ jiyàn.

“Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí àgbá tá à ń da kẹ́míkà tá a ti lò sí ti kún. Mo kọ lẹ́tà títí, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Ni mo bá ń dà á sí sínkì. Tiyín náà wà ńbẹ̀, mà.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló gún un lọ́kàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà ka èsì náà, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ṣé dandan ni kí ibi kẹrin wà nínú ìwé yìí?”

“Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, sà.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta náà tó o.”

Ọkọ rẹ̀ náà ní, “Ìwọ lo fẹ́ tún ayé ṣe? Gba ìwé ẹ̀rí, kó o máa bọ̀ nílé.” Ìyá Onígò yọ ibi kẹrin kúrò lọ́jọ́ Ajé. Ó dá a padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Lọ́jọ́ tó lọ gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ìyá kan tó wá yẹ ìwé wò láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn béèrè pé, “Níbo gan-an nibi kẹrin yìí?”

“Ẹ̀yìn ògiri tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì yẹn ni, mà.”

Ìyá náà yíjú wo ògiri. Ó bú sẹ́rìn-ín, ló bá di dandan kí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Máàkì rẹ̀ dára. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó ṣe: kó kọ “ilé-iṣẹ́ kan” dípò orúkọ ẹ̀ka wọn. Ó kọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ọkọ̀ ti wá gbé àgbá lọ, wọ́n sì ti gbé tuntun dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ bàálù lọ sí àpérò lókè òkun, ó lọ sọ̀rọ̀ lórí bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lè yẹ ara rẹ̀ wò láìbẹ̀rù. Ó fi àwòrán páìpù náà hàn wọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an.

Nígbà tí Ìyá Onígò gbọ́, ó ní inú ò bí òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó jẹun tán, ọkọ rẹ̀ sì rọra gbé ìgò omi kúrò nítòsí rẹ̀.