Ìgbà Tí A Kọ Lórin Di Igbá

Ní nǹkan bí ọdún 2016, èmi ni mò ń ta gìtá béèsì ní ìjọ wa ní Karu. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Èmi náà ni mò ń bójú tó gúrúùpù àwọn Yorùbá tó ń kọrin ní ìjọ káàkiri Abuja, lórí fóònù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé orin síbẹ̀, àwa yòókù á ní, “Ẹ kú iṣẹ́, òróró á máa pọ̀ sí i,” yálà a gbọ́ orin náà tán tàbí a ò gbọ́ ọ.

Olórí ẹgbẹ́ akọrin wa, tí mò ń pè ní ẹ̀gbọ́n, kọ orin tuntun kan. A ká a sílẹ̀, ó gbé e sí gúrúùpù. Ègbè rẹ̀ ni, “Olúwa, ìgbà mi dọwọ́ rẹ.” Oríyìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àfi bí obìnrin kan tó ń tẹ dùùrù ní Gwarinpa ṣe kọ ọ́ pé:

“Kí Olúwa jọ̀ọ́ dá igbá àwọn ará Karu padà, ó jọ pé wọ́n fẹ́ fi bu ẹ̀kọ. N kò sì gbọ́ béèsì rárá. Àbí ẹni tó ń ta á ti sùn lọ ni?”

Ẹ̀gbọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀.

“Àbúrò, yọ obìnrin yẹn kúrò ní gúrúùpù.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ orin náà, sà.”

“Kí lo fẹ́ gbọ́? Ó bú mi, ó bú ìwọ náà!”

Inú bí mi lóòótọ́. Síbẹ̀, ohun tó wí ṣe é yẹ̀ wò. Mo ki íyápíìsì bọ etí. Níbi “ìgbà,” dípò kí ohùn orin dúró nísàlẹ̀, ńṣe ló gòkè. Igbá gan-an la kọ. Béèsì ní tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń dún ketekete. Ìgbà tí mo yọ íyápíìsì, tí mo gbọ́ ọ láti ara fóònù lásán, ni n kò gbọ́ ọ mọ́.

Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù pé òótọ́ ni ti igbá, a ó tún un ṣe. Ti béèsì kì í ṣe òótọ́, kí mádàámú fi íyápíìsì gbọ́ ọ. Kò pẹ́ tó fi dáhùn: “Mo ti gbọ́ béèsì. Mo gbà. Kò sùn, ó kàn ń tòògbé ni.”

Mo rẹ́rìn-ín. N kò yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ní gúrúùpù tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ pé Ọlọ́run á máa gbé wọn ga, òun kàn ní kí òun ta wọ́n lólobó pé àwọn kan ń sọ pé ẹ̀gbọ́n jí orin náà ni. Mo bi í pé orin ta ni. Ó ní òun kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọmọlúàbí ni.

Kí oṣù tó parí, ẹ̀gbọ́n tún ohùn orin náà ṣe. Àwọn ìyá ìjọ tí kì í kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa gbè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ jáde kúrò nínú gúrúùpù. Nígbà tí a pàdé obìnrin náà níbi ìsìn kan ní Gwarinpa, obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn, kò wo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí Lọ́kọ́ja, obìnrin náà bi mí bóyá ó ṣì ń kọ orin. Mo ní n kò mọ̀, kò pè mí mọ́ láti ìgbà tó ti lọ.