Ògiri Tí Wọ́n Ní Kí N Má Rẹ́

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ló gba Ayọ̀bọ̀ kan nígbà yẹn. Òórùn ẹ̀gẹ́ inú oko ti lọ. Gbogbo ẹni tó rówó ra ilẹ̀ níbẹ̀ ló ń kọ́lé, sìmẹ́ńtì sì ń fò kiri débi pé bí adìyẹ mi bá yé ẹyin lọ́sàn-án, òkúta la máa ń bá nínú ìtẹ́ nírọ̀lẹ́. Máa rẹ́rìn-ín, ṣé ìwọ jẹ nínú ẹyin ọ̀hún ni? Èmi ni ọ̀gá bíríkìlà àdúgbò, rírẹ́ ilé ló sì sọ mí dolókìkí. Mo rẹ́ ògiri kan ní àdúgbò Command, eṣinṣin bà lé e, ó yọ̀, ó ṣubú, ó kán lẹ́sẹ̀. Ìṣojú mi ni.

Orí òkè kan lẹ́yìn ilé wa ni Fadá ìjọ Àgùdà ra ilẹ̀ sí. Ó fẹ́ kọ́ ilé àdúrà tí àwọn ọmọ ìjọ wọn á máa fẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn. Mùsùlùmí ni mí, àmọ́ ilé Ọlọ́run ni ilé Ọlọ́run, mo gba iṣẹ́ náà. Eegun ẹ̀yìn mi ti ń pariwo, mo sì mọ̀ pé ilé yìí ni n óò fi kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀.

Obìnrin akítẹ́ẹ̀tì tó ya ilé náà ló bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ilé tó yà kò ní igun, kò ní páànù. Kọnkéré lásán ni, ògiri rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn ewúrẹ́ tí òjò pa, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni oòrùn máa gbà wọlé, kó lè tàn sórí pẹpẹ láàárọ̀. Títí débẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tá a tú pákó tá a fi da kọnkéré náà, tí gbogbo ìlà àti kókó igi hàn lára ògiri, mo ní ká máa rẹ́ ẹ. Ó ní rárá. Ojú pákó yẹn gan-an lòun ń wá, bẹ́ẹ̀ la máa fi í sílẹ̀, láìrẹ́ ẹ, láìkùn ún lọ́dà.

Ní tiwa, ilé tí a kò rẹ́, ìhòòhò ló wà. Ẹni tó bá kọjá á ní onílé ti kú, tàbí ó ti sá. Àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń bi mí bóyá ojú mi ti ń fọ́. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ fi bò. "Baálé mi," ó ní, "ṣé iṣẹ́ tí ẹ máa fi dágbére nìyẹn?" Oorun dá lójú mi.

Nígbà tí akítẹ́ẹ̀tì rìnrìn àjò, mo kó àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jọ, a gbéjà ko ògiri náà. Mo rẹ́ ẹ débi pé aláǹgbá kọ̀ láti gùn ún. Ó ku apá ìsàlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó dé.  Ó nawọ́ sí ògiri náà.

"Bàbá, ẹ ti ba ilé mi jẹ́."

"Ilé ta? Mo ṣebí ilé Ọlọ́run ni. Aṣọ ni mo wọ̀ fún un."

Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ ẹ dànù. Mo ní ọwọ́ tó rẹ́ ilé kì í gbẹ́ ẹ. Ló bá bọ́ bàtà, ó mú òòlù àti irin nínú irinṣẹ́ wa, ó bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mò ń bú u, òun náà ń bú mi láìwẹ̀yìn. Mo ní kó rọra, kó má lọ ṣẹ́ léèékánná. Ó ní òun máa gbẹ́ orúkọ mi kúrò láyé. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì mi le. Bó ṣe ń lù ú tó, ihò wẹ́wẹ́ ló ń dá sí i lára, bí ojú ẹni tí ìgbóná jà. Nígbà tí Fadá fi dé nírọ̀lẹ́, àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà ti bó, ó ń sunkún, kò sì dúró. Fadá gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ká fi ògiri sílẹ̀ bó ṣe wà, kí àwa méjèèjì kúrò lójú òun.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà dòní. Bí obìnrin náà bá wá wò ó, tó bá mi níbẹ̀, "Ẹ ṣì wà láyé, Bàbá?" ni kíkí rẹ̀. Èmi náà á ní mò ń dúró kó kọ́kọ́ lọ ni.

Láìpẹ́ yìí, àgbà obìnrin kan nínú àwọn ọmọ ìjọ fẹsẹ̀ rìn láti Ìyànà Ìpájà wá. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ ti ògiri, ó ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan ibi tó ń dán, ó kan ihò, ó kan ojú pákó tí mi ò tíì dé. Ó dúró.

"Bàbá, ta ló jà níbí?"

Mo ní bíríkìlà àti akítẹ́ẹ̀tì ni. Ó tún fọwọ́ pa ihò náà. "Wọ́n mà fẹ́ràn ilé yìí o."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ọ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ràn rẹ̀, èmi nìyẹn. Mo lanu, ṣùgbọ́n irọ́ tó máa ń sáré jáde lẹ́nu mi fúnra rẹ̀ láti kékeré, lọ́jọ́ yẹn, kò jáde. Mi ò tíì dárí ji akítẹ́ẹ̀tì yẹn, mi ò sì ní in lọ́kàn. Àmọ́ bó bá ti pẹ́ jù kó tó wá, mo máa ń jáde lọ wo ọ̀nà.