Ọwọ́ Méjì Lórí Rákẹ́ẹ̀tì Kan

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó là ń gbé nígbà náà, èmi àti bàbá ìyá rẹ. Akọ̀wé ni, ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá. Ibẹ̀ ló ti kọ́ tẹníìsì. Èmi ò mọ̀wé. Ẹ̀pà ni mò ń yan, tí mò ń rọ sínú ìgò tà. Ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kí mi, á jẹun, á ka ìwé ìròyìn. Ó parí. Kò lù mí, kò bú mi. Kò kàn rí ọ̀rọ̀ bá mi sọ ni.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, tẹlifíṣàn ń fi tẹníìsì àwọn òyìnbó hàn. Mo jókòó tì í, mò ń ṣa ẹ̀pà. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irun rẹ̀ gùn dé èjìká, tó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ di iwájú orí. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di rákẹ́ẹ̀tì mú.

Mo ní, "Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?"

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. "Ìyàwó, ẹ̀yìn-ọwọ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Nínú gbogbo àwọn tó ń fi ọwọ́ méjì gbá a, òun ni ọ̀gá."

"Ẹni tó dojú kọ ọ́ ńkọ́? Ṣebí ọwọ́ méjì lòun náà ń lò."

"Ìyẹn? Ọlọ́wọ́ òsì! Ariwo ló mọ̀."

"Ariwo ọ̀hún wù mí. Tèmi nìyẹn."

Bí ìjà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbàkigbà tí wọ́n bá tún fi wọ́n hàn, màá lajú wò dáadáa, kí n lè rí nǹkan sọ. Onírun gígùn á rẹ rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, á wá gbé e bọ̀ sókè, bí mo ṣe ń fi igi ro ẹ̀pà nínú yanrìn gbígbóná. Ọwọ́ òsì ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀tún kàn ń tọ́ ọ ni. Bọ́ọ̀lù á ga kọjá nẹ́ẹ̀tì, o ó rò pé ó ti jáde, àfi gbì, ó ti wolẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì kì í ní sùúrù. Bọ́ọ̀lù ò ní tíì ga tán tí á ti pàdé rẹ̀, gbogbo ara ni á fi tì í, á fò lọ gbọọrọ, díẹ̀ ló máa kù kó kan nẹ́ẹ̀tì.

"Tèmi kì í ṣàṣìṣe."

"Tiyín ń bẹ bọ́ọ̀lù ni. Tèmi ń lé e."

"O ò ríran."

"Ẹ lọ pààrọ̀ awò ojú yín."

Obìnrin tó wà ní yàrá kejì á gbá ògiri: "Ìyá Ẹlẹ́pà, èwo ló jáwé olúborí nínú àwọn ọkọ òyìnbó yín?"

Nígbà tó yá, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn síta. Iṣẹ́ ni, ó ní. Èmi nìkan ń jókòó síwájú tẹlifíṣàn, mò ń sọ tèmi, mo tún ń sọ tirẹ̀. Èyí tó bá dùn níbẹ̀, màá fi pamọ́ dè é.

Ó wá ní Sátidé kan, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí èmi kọ́ ni mo fọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì wà lórí tẹlifíṣàn. Ọlọ́wọ́ òsì ń jìyà, inú nẹ́ẹ̀tì ni gbogbo bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń kó sí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ní, "Ẹ rí i? Tèmi ṣì dára ju tiyín lọ." Mò ń retí èébú.

Ó ní, "Òótọ́ ni, Ìyàwó. Tìẹ ló dára jù."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń tan ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ lọ. Mo wo ojú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àwọn èèyàn sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní Múṣín, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Mo gbé ìgò ẹ̀pà tí mo tọ́jú dè é fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí àlejò. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Onírun gígùn ló dára jù. Mo ti mọ̀ láti Sátidé àkọ́kọ́. Tí mo bá gbà fún un, kí la ó tún máa bá ara wa sọ?