Ẹni Tó Ka Kọ́òdù fún Mi ní Ọ́fíìsì Tí Mo Tì Pa

Ẹ má tún sọ fún mi pé oorun ló ń kùn mí. Gbogbo ẹni tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ti wá sú mi. Oorun wo? Aago méjì ọ̀sán, ọjọ́ Sátidé, oòrùn ń ta páànù orí ilé títí ó fi ń dún. Wọ́n ní bóyá ẹ̀wà ni mo jẹ yó. Mi ò jẹ ẹ̀wà. Bisikíìtì ni mo jẹ, ìdajì páálí, èèrà ló jẹ ìdajì tó kù.

Ojú mi yìí ló rí i. Tí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, kí lápútọ́ọ̀pù mi má tàn mọ́, ẹ sì mọ̀ pé òun ni mo fi ń jẹun.

Ẹni tí ò mọ̀ mí, Yàbá ni mò ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Fídíò orí fóònù ni mo fi kọ́ ọ, dátà ara mi ni mo fi wò ó. Torí náà, tí ẹnì kan bá ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, inú máa ń bí mi kíákíá. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Sùúrùlérè. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ máa rí ìdí ẹ̀. Sólà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á gbé páńẹ́lì sórí òrùlé yín, wọ́n á gbé bátìrì sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, ẹ̀yin á wá máa sanwó lóṣooṣù. Ẹni tí ò bá san, wọ́n á ti bátìrì ẹ̀ pa láti ọ́fíìsì. Wọn ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá. Iná á kàn lọ.

Sọ́fúwíà méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan ló mọ ẹni tó san àti ẹni tí ò san. Ìkejì ló ń ti bátìrì, tó sì ń ṣí i. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ ara wọn. Èèyàn ló máa ń jókòó sáàárín wọn, á wo eléyìí, á lọ tẹ tọ̀hún, ilé kan tẹ̀lé ìkan.

Iṣẹ́ tí Ọ̀gá ibẹ̀ pè mí fún ni kí n so wọ́n pọ̀. Kọnẹ́kítọ̀ la ń pè é. Orí kíláòdù ló ń gbé. Kíláòdù kì í ṣe ojú ọ̀run o, kọ̀ǹpútà ẹlòmíì tí wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí ni. Tí mo bá ti so ó tán, ẹni tí ò bá san, bátìrì ẹ̀ á ti ara ẹ̀. Kò ní sí èèyàn kankan láàárín mọ́.

Sátidé yẹn, Ọ̀gá kó kọ́kọ́rọ́ fún mi, ó ní òun ń lọ Ìbàdàn, ó ní kó tó di aago mẹ́fà kó ti máa ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, 'ó' ni mo pè é, mi ò pè é ní 'wọ́n'. Ẹ fi mí sílẹ̀. Mo wọlé, mo fi àgádágodo ti géètì látinú, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò ṣòkòtò mi. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ rántí pé mo sọ ọ́.

Mo ṣe é dé ibi tí ẹ̀rọ tó mọ ẹni tó san ti ní kí ẹni tó ni àkáǹtì fọwọ́ sí i. Ó ní òun máa fi kọ́òdù ránṣẹ́ sí fóònù tó parí sí mẹ́rin-méje. Mo pe Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ta ló ni nọ́ńbà tó parí sí mẹ́rin-méje?"

"Sàká ló ni ín. Òun ló bá wa ṣí àkáǹtì yẹn. Nọ́ńbà ara ẹ̀ ló fi ṣí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà tí mo lè fi bá a sọ̀rọ̀."

"Sàká ti kú."

Ẹ ẹ̀ rí wa. Báyìí làwọn iléeṣẹ́ wa ṣe ń ṣe. Èèyàn mẹ́wàá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọn ò lè ra síìmù kan fún iléeṣẹ́, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ni wọ́n á fi ṣí gbogbo nǹkan. Òṣìṣẹ́ wá lọ, gbogbo nǹkan bá a lọ. Ọ̀gá ní fóònù Sàká wà nínú dúrọ́ọ̀ Àǹtí Bísí, akáǹtáǹtì wọn. Dúrọ́ọ̀ wà ní títì. Ó ní kí n ní sùúrù di Mọ́ńdè.

Inú bí mi. Mo ti wọ ọkọ̀ wá. Mo kàn fi ìbínú tẹ ibi tí wọ́n kọ 'fi kọ́òdù ránṣẹ́' sí. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbà á.

Ẹnì kan wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ.

"Mẹ́ta. Mẹ́jọ. Òdo. Ọ̀kan. Mẹ́jọ. Méjì."

Mo yíjú. Ọkùnrin kan jókòó sídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí wọ́n kó àwọn bátìrì tó ti bàjẹ́ sí. Ṣẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ló wọ̀, yẹ́lò. Á tó ogójì ọdún. Ó ń fi èékánná yọ eruku lára wáyà kan, kò tiẹ̀ wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ gbà wọlé?"

"Tẹ̀ ẹ́. Kì í pẹ́ bàjẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ má bú mi, iṣẹ́ ti wọ̀ mí lára. Ó gbà á. Lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe iwin o. Olè ni. Mo ní òṣìṣẹ́ kan ti lọ mú síìmù òkú, ó ń fi jẹun, ó gbọ́ pé mo ń bọ̀ ló ṣe wá. Tàbí kó jẹ́ Ọ̀gá ló rán an kó wá dán mi wò, kí wọ́n lè sọ lọ́la pé mo jalè. Mo mọ Èkó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé ẹ̀yin lẹ mú síìmù olóògbé ni? Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àbúrò, ẹnu ẹ mú."

Ṣùgbọ́n ìyá mi tọ́ mi. Bí mo ṣe ń bínú tó, mo ṣí fíríìjì, mo mú píọ̀ wọ́tà méjì, mo fún un ní ọ̀kan. Ó ti di yìnyín. Ó gbà á, ó gbé e ka ọwọ́, kò mu ún.

"Kọ́sítọ́mà méjì-ọ̀kan-mẹ́jọ," ó ní. "Má jẹ́ kó tì í."

"Kí ló dé? Ìyá yín ni?"

"Èmi ni mo máa ń tì wọ́n lóṣooṣù. Tí mo bá ti dé orí ẹ̀, mo máa ń fò ó." Ó tún rẹ ohùn sílẹ̀ sí i. "Ọwọ́ tó máa fò ó ni ò sí mọ́."

Mo yíjú sí lápútọ́ọ̀pù láti wá nọ́ńbà yẹn. Mo rí i. Mushin ni. Kò tíì san kọ́bọ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, mo ti mú un, iná ọ̀fẹ́ ló ń jà fún. Mo yíjú padà kí n fún un lésì.

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Mo sáré dé géètì. Àgádágodo wà níbẹ̀ bí mo ṣe tì í. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi, ó ti gbóná mọ́ itan mi. Mo wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo wo abẹ́ tábìlì, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń wò ó.

Píọ̀ wọ́tà tí mo fún un wà lórí tábìlì. Ẹ gbọ́ o. Tèmi ti yọ́, mo ti mu ún tán. Ní aago márùn-ún, tí iṣẹ́ ń parí lọ, nínú ooru yẹn, jẹnẹrétọ̀ ti kú, fáànù ò yí, tiẹ̀ ṣì le gbagidi bí òkúta. Kò lààgùn rárá. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé àánú ló ṣe mí. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo kọ ọ́ sínú kọnẹ́kítọ̀ pé kó fo méjì-ọ̀kan-mẹ́jọ, mo tan án, mo sì sá. Ilé mọ́kànlélógójì ló yẹ kó tì. Ogójì ló tì.

Mọ́ńdè, mo ti dúró de Àǹtí Bísí kí wọ́n tó dé. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn níṣojú mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ń wá? Àárọ̀ kùtù?"

"Àǹtí, ẹ ṣáà ṣí i."

Wọ́n ṣí i. Fóònù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò ní bátìrì nínú. Síìmù ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Káàdì ìdánimọ̀ kan wà lábẹ́ ẹ̀, fọ́tò sì wà lára ẹ̀. Mi ò nílò kí wọ́n sọ orúkọ fún mi. Ojú kan náà ni. Ṣẹ́ẹ̀tì kan náà.

"Àǹtí, kí ló pa wọ́n?"

Àǹtí Bísí wo ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dáhùn. "Wọ́n ní mọ́tò ló gbá a. Ọ̀gá ló wá sọ fún wa. Èmi ò rí òkú ẹ̀ o. Mùsùlùmí ni, wọ́n ti sin ín kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú."

Mo kọ àdírẹ́sì méjì-ọ̀kan-mẹ́jọ sílẹ̀, mo lọ Mushin. Ẹ lè pè mí ní wèrè. Mo fẹ́ fojú ara mi rí olè náà, torí mo ṣì ń retí pé olè ni.

Obìnrin àgbà kan ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ń pè wọ́n ní Ìyá Rìsí. Mo ní ọ́fíìsì sólà ló rán mi. Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Ọkọ wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wẹ́dà tó ń jó irin ni nígbà tó lágbára, èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ jẹ́. Rọ́bà tín-ínrín kan wà nímú ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fún un ní atẹ́gùn wà nílẹ̀, ó ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, wáyà ẹ̀ sì lọ tààrà sínú bátìrì ilé iṣẹ́ yẹn.

"Iná ìjọba ti lọ láti Jímọ̀," Ìyá Rìsí ní. "Bátìrì yín yìí ló gbé Bàbá dúró. Sàká ló ṣe é o. Kì í ṣe ẹbí wa. Ó wá wo bátìrì lọ́jọ́ kan tá ò rí owó san, ó rí Bàbá báyìí, ó ní ká má ṣèyọnu."

Mo tẹjú mọ́ wáyà yẹn.

"Ẹ bá mi kí Sàká," wọ́n ní. "Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí lọ́sàn-án Sátidé, ó ní ẹnì kan máa wá. Mo ní kó wọlé, kò wọlé."

Ẹ gbà mí gbọ́, eré ni mo sá dé títì. Mi ò sọ fún wọn pé ó ti kú.

Túsìdeè, Ọ̀gá pè mí wọ ọ́fíìsì ẹ̀. Ó ti ka ilé tó tì, ó rí i pé ọ̀kan ò pé. "Ta ló ní kó o fo ti Mushin? Tún un ṣe, kó tì í lónìí."

Mo ṣàlàyé Bàbá fún un. Ó ní òun kì í ṣe ọsibítù. Orí mi gbóná. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n Sàká ló ní kí n fò ó. Sátidé. Nídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn. Òun ló ka kọ́òdù fún mi."

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín ni. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ fún ẹ̀rín.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó padà wá dúró tì mí gbágbáágbá. Ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣé ó dárúkọ àkàbà?"

"Àkàbà wo, sà?"

Ó wò mí títí. Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì. "Kò sí nǹkan kan. Fi ti Mushin sílẹ̀ bó ṣe wà. Mi ò ní tì í láéláé. Ṣùgbọ́n ìwọ ò rí ẹnikẹ́ni níbí o. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níta, lọ́jọ́ náà ni màá tì í."

Ẹ bá mi rò ó. Mọ́tò ni wọ́n ní ó gbá èèyàn. Kí ni àkàbà tí wọ́n fi ń gun òrùlé ń wá nínú ẹ̀?

Mo ti yí nọ́ńbà ilé yẹn padà nínú ohun tí mo kọ yìí. Mo yí orúkọ gbogbo wọn. Síbẹ̀, àyà mi ò balẹ̀. Lálaalẹ́ ni mò ń ṣí lápútọ́ọ̀pù láti wò ó bóyá iná Bàbá ṣì wà. Ó ṣì wà títí di àná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, kẹ́ ẹ tó so ẹ̀rọ méjì pọ̀, ẹ bèèrè ẹni tó jókòó sáàárín wọn tẹ́lẹ̀, ẹ bèèrè ohun tó máa ń fò. Tí ẹnì kan tẹ́ ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ bá sì ka kọ́òdù fún yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ dìde, ẹ máa lọ ilé.

Ẹbí Sàká wà nínú Mushin yẹn kan náà, wọ́n ṣì gbà pé mọ́tò ni. Tí mo bá lọ bá wọn, Bàbá ò ní rí atẹ́gùn mí. Tí mi ò bá lọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń gbé káàkiri. Ẹ má fi Bíbélì tàbí Kùránì dá mi lóhùn, ẹ sọ tọkàn yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa dákẹ́?