Adìẹ Ti Ń Rìn, Eegun Ọmọ Mi Kò Tíì Le

Orí dẹ́kìn ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ní Okokomaiko ni ọmọbìnrin mi ti já bọ́. Ojúgun rẹ̀ ló kán. Mo ti kà á ní sẹ́kọ́ńdìrì pé eegun ọmọdé máa ń rọ̀, pé ó lè tẹ̀ kó má ṣẹ́ tán. Ìwé ò sọ fún mi bí igbe rẹ̀ ṣe máa dún.

Ìyá ọkọ mi ló ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní Ìbà. Bàbá náà fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Ó ní eegun méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó nípọn ti kán sí méjì, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kàn tẹ̀ bí igi tútù ni, apá kan là, apá kejì ṣì dì mú.

"Ẹ dúpẹ́ pé kò yọ orí síta. Èyí tó bá lu awọ jáde máa ń kẹ̀. Èyí tó bá sì fọ́ wẹ́wẹ́, mi ò kì í gbà á, ọsibítù ni mo máa ń ní kí wọ́n gbé e lọ."

Ó fà á, ó tò ó, ó fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú so pọ̀ dì í. Lẹ́yìn náà ló ní ká mú adìẹ wá. Ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ yẹn lójú wa bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná, ó tò ó, ó sì fi ọparun kékeré dì í. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: tí adìẹ bá ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, a ó mọ̀ pé ti èèyàn náà ń jinná bọ̀. Ọmọ mi gbàgbé ẹkún ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún adìẹ. Bàbá ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú ọparun náà àfi òun.

Kò pẹ́ tí adìẹ fi ń rìn kiri àgbàlá. Ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó, wá tú nǹkan yìí kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ ọmọ mi."

"Màmá, Bàbá ní ká má tú u. Eegun adìẹ kéré sí ti èèyàn, ó máa ń tètè jinná. Ẹ̀jẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dì síbi tó kán, á wá di ohun rírọ̀ bí etí, ó máa pẹ́ kó tó le."

"Etí! Ẹ wá gbọ́ o, oníwèé mẹ́wàá ń kọ́ mi! Ṣé ìwé lo fi bímọ ni? Ọmọ tó o jẹ́ kó já bọ́, ìwọ náà lo tún fẹ́ sọ di arọ sórí ìjókòó."

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. "Dókítà wa! Ẹ bá wa wo eyín náà o!"

Mo lọ sí ìsọ̀ mi ní Àlàbá. Nígbà tí mo dé, ọparun wà nílẹ̀, ọmọ mi ń rìn, bisikíìtì lẹ́nu, ọwọ́ ìyá àgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹsẹ̀ náà tẹ̀ sóde. Àwọn ọmọ àdúgbò ń tẹ̀ lé e: "Kélẹ́ẹ̀gì! Ṣé ò ń lọ ni àbí ò ń bọ̀?"

A gbé e padà lọ sí Ìbà.

"Ta ló tú u?"

Ìyá ọkọ mi ń wo àjà. "Adìẹ ti rìn, Bàbá."

"Ṣé adìẹ ni ọmọ ọmọ yín ni?" Ó kọjú sí mi. "Ó ti so pọ̀ ní wíwọ́. Àmọ́ kò tíì gbó. Tá a bá tún un ṣẹ́ lónìí, á tọ́. Tó bá ti le, ayùn àwọn dókítà ló kù."

Mo ní kó ṣẹ́ ẹ.

Wọ́n fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà kó lè rọ̀. Ìyá ọkọ mi dìde, ó ní ojú òun ò gbà á, ó bọ́ síta. Èmi ni mo gbé ọmọ sáàárín itan mi, mo dì í mú.

"Mọ́mì, mi ò ní lọ sórí ilé yẹn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n má ṣe é. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó rò pé mò ń jẹ ẹ́ níyà ni. Mo fún un mọ́ àyà. Mo gbọ́ ọ nígbà tó kán, mo tiẹ̀ gbọ́ ọ nínú ara tèmi. Ó gé mi jẹ lápá.

Ìgbà tí Bàbá dì í tán ni ìyá ọkọ mi sáré wọlé tẹkún tẹkún, ó gbà á lọ́wọ́ mi. "Ta ló ṣe ọmọ mi báyìí?"

Ọmọ mi nawọ́ sí mi. "Mọ́mì ni."

"Má sunkún mọ́, olówó orí mi. A máa na Mọ́mì."

Ẹsẹ̀ náà tọ́. Kò sẹ́ni tó máa rí i lónìí táá mọ̀ pé ó kán rí. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló fi ń sáré gba iwájú mi kọjá lọ bá ìyá ọkọ mi, nígbàkígbà tó bá ṣubú.